Bí Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Kò Bá Lágbára Mọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ ń dínkù ni ọ̀rọ̀ tòní. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan. Àgbẹ̀ tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà wà nínú rẹ̀. Aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní òru wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ akérò kan tí ó gbéra ní Iléṣà, tí ó ń lọ sí Adó-Èkìtì. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí ó kan àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, awakọ̀ tẹ tótù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín, tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, gbogbo èrò wà nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù nílò: afẹ́fẹ́, epo, iná, àti agbára láti fún afẹ́fẹ́ òun epo pọ̀. Ọgbọ́n tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọdún 1876 náà ni wọ́n ṣì ń lò. Kìlógíráàmù epo kan a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó kìlógíráàmù 14.7 kí ó tó lè jóná tán. Nítorí náà, bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá dí, agbára kò sí.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohun tuntun sí ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ ohun tí kò gba owó wò. Ṣé ẹrù kò pọ̀ jù? Ṣé afẹ́fẹ́ táyà pé? Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gbóná ju àwọn ìyókù lọ lẹ́yìn ìrìn, bíréékì ni ó dì í mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ramúramù tí eré kò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n wò.

Lẹ́yìn èyí ni fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà a máa dí i kíákíá. Kí awakọ̀ gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ó tó pààrọ̀. Kí ó má ṣe yọ ọ́ dànù kí ó sì máa wa ọkọ̀ lọ, nítorí eruku yóò ha inú ẹ́ńjìnnì bí iyanrìn ṣe ń ha àwo.

Ẹ̀kẹta ni epo. Ọkọ̀ tí fílítà epo rẹ̀ dí a máa rìn dáadáa ní pẹ̀lẹ́tù, ṣùgbọ́n ó máa ń sú lórí òkè, níbi tí ó ti nílò epo púpọ̀. Epo tí kò dára náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, ìjọba sì ní láti kó o kúrò ní ọjà.

Ẹ̀kẹrin ni púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n tí ó sì ń kọsẹ̀, kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Àwọ̀ ilẹ̀ fífúyẹ́ ni ti èyí tí ara rẹ̀ dá. Èédú gbígbẹ túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù. Òróró ọ́ìlì sì túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jò wọ inú.

Kò yẹ kí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì tí ó kú sílẹ̀. Epo tí kò jóná yóò gba inú salẹ́ńsà lọ, yóò jó katalítíìkì tí ń fọ èéfín mọ́, títí yóò fi yọ́ tí yóò sì dí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ katalítíìkì láìtún púlọ́ọ̀gì ṣe, owó méjì ni yóò san.

Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní in. Ẹ̀rọ náà ń tọ́ka sí ilé tí àìsàn wà ni; mẹkáníìkì ni yóò wọ ilé náà wò. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀, kí ó dẹwọ́ eré, kí ó sì tètè wá ìrànlọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú ilé tí a sé: èéfín rẹ̀ ń pani, májèlé inú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí rédíétọ̀ tí ó gbóná.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọkọ̀ tí ń fi epo ṣòfò ń jẹ owó ilé. Kí awakọ̀ gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó má ṣe dúró dìgbà tí òkè yóò sọ ọ́ fún un. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.