Ta Ni Yóò Sọ̀rọ̀ Nínú Orin Alápá Mẹ́rin? Ẹgbẹ́ Akọrin, Ìlù Dùndún àti Jáàsì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, tí a ṣe ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí orin. N kì í ṣe atẹdùùrù, n kò sì darí ẹgbẹ́ akọrin kankan rí. Ṣùgbọ́n orin tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú, ewì ni. Bí ewì bá sì ń ṣègbé lójú ẹni tí ó fi ewì ṣiṣẹ́ ṣe, kò yẹ kí ó dákẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bí ọ̀rọ̀ òní. Níbi ìsìn ìkẹyìn kan, ní ilé ìjọsìn tí n kò ní dárúkọ, ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan tí wọn kò pé 20 dìde láti kọ orin Yorùbá tuntun. Ohùn wọn dùn, ó sì wọnú ara wọn bí òwú inú aṣọ òfì. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní, ‘Ọmọ mi, èdè wo ni wọ́n fi ń kọ ọ́?’ Mo ní, ‘Yorùbá ni, Ìyá.’ Ó mi orí, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni a ń sin. Orin tí a fi dágbére fún àbúrò rẹ̀, kò gbọ́ ohun tí ó sọ.

Kí ni ó fà á? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, àti pé ohùn wọ̀nyí ni wọ́n ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, igbá, tí a fi ń bu omi. Kí a wá fún ẹgbẹ́ akọrin kọ ní apá mẹ́rin. Tírẹ́bù gbé sílébù kejì sókè: igbá ni ó kọ. Áàtò dúró sí ojú kan: igba ni ó kọ, èyí tí a fi ń ka iye. Ténọ̀ àti báàsì sọ̀ kalẹ̀: igbà ni wọ́n kọ, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ìwé kan náà, ẹgbẹ́ kan ti pe nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan. Ní ti dùùrù, ó bára mu dáadáa. Ní ti etí Yorùbá, ìjà ni.

Àwọn àgbà ti rí àìsàn yìí tipẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí iṣẹ́ ìhìnrere fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Èkó, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé lórí. Wọ́n ka iye sílébù, wọn kò ka ohùn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá Aníkúlápó, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà kúrò ní ọ̀nà yẹn; ó kọ orin ìjọsìn tí ó fara mọ́ ohùn ilẹ̀ wa, ó sì gba púpọ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó tọ́ka ọ̀nà fún orin.

Ọmọ ẹ̀kọ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Ìtàn tirẹ̀ ni ó so ọ̀rọ̀ wa mọ́ jáàsì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọdún 1930 sí 1940, ọkùnrin yìí ń bá àwọn eléré jáàsì ṣeré, ó sì tún ń kọ́ ìmọ̀ dùùrù ilé ìjọsìn. Kò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ọwọ́ kan ṣe méjèèjì. Nígbà tí ó ṣe, ó to orin ẹ̀mí àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ akọrin tí kò lo ohun-èlò kankan.

Kí ni jáàsì wá ní tí a lè yá? Ní 1926, Louis Armstrong kọ orin kan sínú àwo, ó sì fi sílébù tí kò nítumọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ ní apá kan, ó ń fẹnu ṣe bí ẹni ń fọn kàkàkí. Ní 1962, Ward Swingle kó àwọn akọrin díẹ̀ jọ ní Paris. Orin Bach, tí a kọ fún ohun-èlò, ni wọ́n ń fẹnu kọ láìsí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro: kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ó wà nínú orin ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ kékeré ilẹ̀ yìí a máa fẹnu lùlù kí ó tó mọ̀wé. Ẹ sì wo agbo dùndún, tí Akin Euba, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì wa yìí, kọ ìwé ńlá lé lórí ní 1990. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀: òun ni ó ń ki oríkì, òun ni ó ń pòwe. Gúdúgúdú kì í bá a du ọ̀rọ̀. Awọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣeé fún bíi ti ìyáàlù. Ìlù tirẹ̀ ni ó dì mú ṣinṣin, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìyáàlù sì gùn lé. Bí gbogbo ìlù bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ta ni yóò gbọ́?

Ohun tí mo ń dá lábàá nìyí. Kí ẹgbẹ́ akọrin fi ọ̀rọ̀ sí apá kan ṣoṣo, kí ohùn apá yẹn tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Kí àwọn apá yòókù di omele, kí wọ́n máa fi sílébù ìlù gbé e ró. Kí ọ̀rọ̀ sì máa ti apá kan bọ́ sí òmíràn bí orin ti ń lọ. Ẹgbẹ́ kékeré ni èyí yẹ jù, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Níbi tí a bá sì ti fẹ́ kí apá méjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti fi ọ̀nà hàn wá: nínú ègbè wọn, ohùn méjì a máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a jọ gòkè, wọn a jọ sọ̀ kalẹ̀, igbá a sì wà ní igbá lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kú ní 1976, ti mú ìlù Yorùbá jókòó ti akọrin àti dùùrù nínú Ọ̀nà Àrà rẹ̀ ní 1970. Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni kí akọrin fúnra rẹ̀ di agbo ìlù.

Àwọn kan yóò sọ pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, pé apohùn pàápàá a máa fa ohùn gùn, a sì máa gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. A ń gbọ́ orin ìjọsìn àtijọ́ bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ wọ́, nítorí pé àwọn òbí wa ti kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé kí olórin di ẹrú àmì ohùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé orin tuntun kò ní ìrántí tí yóò gbà á là. Bí etí kò bá mú un lọ́jọ́ tí a kọ ọ́, ó sọnù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó sì jẹ́ pé nínú ẹgbẹ́ akọrin nìkan ni wọ́n ti ń la ẹnu sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Ṣé ibẹ̀ náà ni a óò ti kọ́ wọn pé kò pọn dandan kí a gbọ́ èdè wọn?

Àwọn mìíràn yóò ní jáàsì àti apá mẹ́rin, àlejò ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a wà. Láti inú ọ̀rọ̀ Haúsá tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun ni orúkọ Sábó ti wá. Lónìí, ọmọ Ifẹ̀ wo ni ó ń pè é ní orúkọ àjèjì? Àlejò kò burú. Ohun tí ó burú ni kí onílé àti àlejò má gbọ́ ara wọn mọ́, a sì fojú rí èrè ìyẹn ní àdúgbò yìí ní 2017.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùdarí akọrin. Ẹ ka ọ̀rọ̀ sókè kí ẹ tó kọ ohùn sí i. Ẹ fi àmì ohùn sí ìwé tí ẹ ń pín fún àwọn akọrin yín. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ẹ pe àgbàlagbà kan tí kò rí ìwé náà wá jókòó. Bí orin bá parí tí ó sì lè sọ ohun tí ẹ kọ, iṣẹ́ yín pé. Bí ó bá sì béèrè pé èdè wo ni, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.