Tẹlifíṣàn Àńtẹ́nà àti Ti Íntánẹ́ẹ̀tì: Èwo Lọ́wọ́ Àwọn Àgbà Wa Tó?

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, kí ó wá wo iye lẹ́tà láísẹ́ǹsì tí àwọn èèyàn ń kó wá sí ọ́fíìsì wa.

Ọ̀nà méjì ni tẹlifíṣàn ń gbà wọlé wa ní Bìrìtéènì. Èkíní ni ti àńtẹ́nà orí òrùlé, Freeview. Yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì, kò lówó oṣù, kò béèrè páswọ́ọ̀dù. Màmá ẹni ọgọ́rin ọdún á tẹ nọ́ńbà lára rìmóòtù, àwòrán á dé. Èkejì ni ti íntánẹ́ẹ̀tì: Netflix, YouTube, iPlayer àti ẹgbẹ́ wọn. Ìyẹn ń fẹ́ owó oṣù, ó ń fẹ́ ímeèlì, ó sì ń fẹ́ ojú tó ń ríran kedere. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ẹni tó bá ń wá fíìmù Yorùbá, YouTube ni yóò ti rí i.

Ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo ńkọ́? Òfin mú BBC láti kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán fún gbogbo ètò orí àwọn ìkànnì ńlá rẹ̀. Ti ITV1 àti Channel 4 jẹ́ ìdá 90 nínú 100. Àwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ títí di Media Act 2024, tó ní kí àwọn ńlá inú wọn dé ìdá 80, díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni láísẹ́ǹsì. Ní oṣù kẹrin 2025, ó di £174.50 lọ́dún. Àwọn kan rò pé nígbà tí àwọn kò ti ní àńtẹ́nà, kò kàn wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ètò ìkànnì tẹlifíṣàn ní àkókò gan-an tí wọ́n ń gbé e jáde, ì báà jẹ́ ìròyìn Nàìjíríà lórí fóònù, ẹ nílò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2016, iPlayer náà ń fẹ́ ẹ. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ṣùgbọ́n màmá tí kò wo nǹkan míì ju fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti gbé sórí YouTube, kò nílò rẹ̀. A lè bá a sọ fún wọn, kí lẹ́tà dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 75, ẹ gbọ́ o. Tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2020, ó ku ẹni tó ń gba Pension Credit, tàbí tí ọkọ tàbí aya tí wọ́n jọ ń gbé ń gbà á. A mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ owó yìí. Wọ́n á ní, "Ṣé kí n wá máa ṣagbe ni?" Agbe kọ́! Ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé kò san owó orí ni? Bí láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ bá sì wà lórúkọ màmá, ó kárí gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdírẹ́sì yẹn. Pension Credit kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní social tariff, nǹkan bíi £12 sí £20 lóṣù. Wọn kì í sábà pariwo rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó béèrè.

Àmọ́ bí físà yín bá sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù Pension Credit kí ẹ tó rí wa. Èyí ṣe pàtàkì gan-an.

Ìjọba ti ṣèlérí pé Freeview ti àńtẹ́nà yóò wà títí di 2034, ó kéré tán. Ọdún yẹn kò jìnnà sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́rin. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má yọ wáyà àńtẹ́nà màmá yín nítorí pé ẹ ra tẹlifíṣàn tuntun fún un. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi lè ṣí YouTube fúnra rẹ̀.

Ẹ mú lẹ́tà yín wá bá wa, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ṣí i, pẹ̀lú nọ́ńbà National Insurance yín. Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?