Kí ni ẹ tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹ̀kọ́ àgbà kan bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ọdún

  

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wá sí kíláàsì, ẹ kò bá mi. Ẹlòmíràn rìn láti oko, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olórí kíláàsì. Mo tún ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín lónìí. Ìpàdé ni mo lọ. Ìpàdé àwọn tí wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí èmi náà ti kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá kan nínú yín pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní: "Olùkọ́, ẹ ti kàwé tán. Wọ́n ti fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ ti ń gba owó oṣù. Kí ni ẹ tún ń wá lọ síbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní màá dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá pé. Òní la pé. Bàbá náà nìyẹn, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìpàdé náà ti rí. Kì í ṣe ayẹyẹ ńlá. Abẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ la jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ń lò. Ìyá àgbà kan jókòó, bẹ́ǹṣì náà dún gbà-à, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín ju wa lọ. Àwọn tó dàgbà jù níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó kéré jù kò tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo ọmọ ọdún 24 àti àgbà ẹni 80 ọdún lórí bẹ́ǹṣì kan, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ ilé kan náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan á mú ìwé orúkọ dání, á máa pe ọdún. Ọ̀dọ̀ àwọn tó jáde ṣáájú la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọdún rẹ, ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ jáde á dìde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ibi tó wà, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọmọ tó bí, àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọkùnrin kan ní òun ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, òun ń gbin káṣú ní apá Ṣàbẹ, àti pé bí ọjà bá dára, owó òun ju owó oṣù lọ. Obìnrin kan ní àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ pọ̀ dé ibi pé àwọn kan ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá àgbà kan ní òun kò ṣe nǹkan kan mọ́: òun ń jí, òun ń mu ẹ̀kọ, òun ń sùn. Òun la pàtẹ́wọ́ fún jù.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Àwọn kan wá fi mọ́tò hàn wá ni. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ ilé tó kọ́ sí Kútọnu títí àwọn àgbà fi ní, "Ó tó, jókòó." Owó ẹgbẹ́ náà ń dá ìjà sílẹ̀, àwọn tó sì jẹ gbèsè ni ariwo wọn pọ̀ jù. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá rárá, nítorí ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò ní ohun tí àwọn máa dìde sọ. Èyí dùn mí. Lójú tèmi, ẹni tí nǹkan kò dára fún ni ìpàdé náà wà fún ṣáájú ẹlòmíràn.

Wọ́n pe ọdún tiwa. A dìde. Wọ́n ń ka orúkọ, wọ́n dé orí orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan. Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n tún un pè. Nígbà náà ni obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dìde. Ó ní ó ti kú láti ìgbà òjò tó kọjá. Àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ mi. Yàrá kan náà ni èmi àti ọkùnrin yìí gbé ní ilé-ẹ̀kọ́. Gààrì tí ìyá rẹ̀ bá fi ránṣẹ́, àwa méjèèjì la jọ ń mu ún. Kí ó tó kú, ó kọ lẹ́tà sí mi. Abúlé tí wọ́n gbé e lọ jìnnà, ẹ̀rọ tẹlifóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó fi lẹ́tà náà lé awakọ̀ kan lọ́wọ́, awakọ̀ náà sì wá mi rí ní Kétu. Ojú ìwé kan péré ni. Ó béèrè àlàáfíà mi. Ó ní ara òun kò le. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá ẹnì kan wà láàárín wa tó mọ dókítà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu.

Mo kà á. Mo ní màá dá èsì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú dé, mo lọ sí oko. Mo fi lẹ́tà náà sáàárín ìwé kan. Kò sí ibi lọ́kàn mi. Mo kàn gbàgbé ni.

Ní ìpàdé yẹn, obìnrin kan tó jáde lẹ́yìn wa ní ọdún márùn-ún dìde. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Kútọnu. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?" N kò lè gbé ojú sókè.

Bàbá, ìdáhùn mi nìyẹn. Ohun tí à ń wá lọ síbẹ̀ ni láti mọ ẹni tó ṣì wà, àti láti mọ ẹni tó mọ ẹni tí à ń wá. N kò sọ pé dókítà ìbá wò ó sàn. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo mọ̀ ọ́n kà, mo mọ̀ ọ́n kọ, n kò sì kọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà yìí ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ní ayé ìjọba Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan wà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní 1903 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Saint-Louis. Ní 1913 wọ́n gbé e lọ sí Gorée, erékùṣù kékeré kan tó wà létí Dakar. Wọ́n wá fi orúkọ gómìnà kan pè é: William Ponty. Ìdánwò ni wọ́n fi ń mú àwọn ọmọkùnrin láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí ní apá ọ̀dọ̀ wa. Dahomey, tó yí orúkọ padà sí Benin ní 1975, fi ọmọ ránṣẹ́. Ẹ rò ó wò: ọmọ Àjàṣẹ́, ọmọ Bamako àti ọmọ Niamey nídìí oúnjẹ kan, tí èdè ilé wọn kò bára mu.

Nígbà tí ọdún 1930 ti kọjá, olùkọ́ wọn a máa ní kí wọ́n kọ̀wé nípa ìlú wọn bí wọ́n bá lọ fún ìsinmi: bí wọ́n ṣe ń dáko, bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn kàyé náà wà nípamọ́ ní Dakar. Cahiers Ponty ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó kọ wọ́n ti kú, kàyé wà.

Hubert Maga, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Dahomey ní 1960, ọmọ Ponty ni. Hamani Diori, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Niger, ọmọ Ponty ni. Àwọn méjèèjì ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot, kí wọ́n tó lọ. Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire ti jáde ṣáájú wọn. Ní oṣù karùn-ún 1959, olórí ilẹ̀ mẹ́rin dá ẹgbẹ́ Conseil de l'Entente sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni àwọn tí mo dárúkọ yìí. N kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìjọba wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ jẹun rí, ó rọrùn láti kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Mo rí àwọn ìyá tí wọ́n ń mi orí. Wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn. Òótọ́ ni. Ponty kì í gba obìnrin. Ọdún 1938 ni wọ́n tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fún àwọn ọmọbìnrin, ní ìlú Rufisque, ní Sẹ̀nẹ̀gàl kan náà. Jeanne Martin Cissé, ọmọ ilẹ̀ Guinea, kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 1972 òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága Ìgbìmọ̀ Ààbò, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ti ń pàdé.

Mariama Bâ náà jáde níbẹ̀. Ó di olùkọ́. Ó bí ọmọ mẹ́sàn-án. Ní 1979 ìwé rẹ̀ kan jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé náà? Lẹ́tà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́tà kan ṣoṣo. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ń kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tó ti lọ jìnnà. Ó ń sọ fún un bí ọkọ ṣe mú ìyàwó kékeré wálé, ọ̀rẹ́ ọmọ òun fúnra rẹ̀. Ó ń rán an létí ọjọ́ tí òun ń jìyà nítorí àìní ọkọ̀, tí ọ̀rẹ́ náà ra mọ́tò fún òun. Ìròyìn ilé ni, irú èyí tí ẹ̀yin náà ń sọ létí kànga. Ní 1980 ìwé náà gba ẹ̀bùn Noma, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn náà. Mariama Bâ kú ní 1981. Wọ́n ti túmọ̀ lẹ́tà náà sí èdè púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sọ́dọ̀ ara wa wàyí. Lálẹ́ àná mo mú ìwé orúkọ kíláàsì yìí, láti ọdún àkọ́kọ́ títí di òní. Mo ń fi ìka tọ orúkọ, mo ń bi ara mi pé, níbo ni eléyìí wà? Àwọn tí mo mọ ibi tí wọ́n wà kò tó ìdajì. Àwọn kan ti lọ ṣe iṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Àwọn kan wà ní Kútọnu, wọ́n ń fi alùpùpù gbé èrò. Àwọn ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ.

Mo pàdé ọ̀kan nínú wọn lọ́jà Pobè. Nígbà tó wà níhìn-ín, òun ló ń kàwé fún ẹlòmíràn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: "Olùkọ́, mo ti ń gbàgbé o. Kò sí ohun tí mo ń kà. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé sí mi." Mo fi bébà kan hàn án. Iye owó orí rẹ̀, ó kà á kíá. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, ó dúró lé e lórí, ó dúró, ó sì wo ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jọ kẹ́kọ̀ọ́ wà níbí. Ta ló ti kọ ìlà kan sí i nínú yín? Èmi náà kò kọ.

Nítorí náà mo ra kàyé yìí. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé á wá kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wà lókèèrè, a ó kọ lẹ́tà sí i, ìdáhùn rẹ̀ á sì wọ inú kàyé. Lẹ́tà kò ní láti gùn. Ẹ gbọ́ irú rẹ̀:

"Mo wà ní Pobè. Mo ń ta ẹ̀kọ. Mo bí ọkùnrin kan ní oṣù kejì. Ara ìyá ọkọ mi kò yá. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àgbàdo tó dára?"

Gbólóhùn márùn-ún ni. Ibi tí ó wà, iṣẹ́, ayọ̀, ìṣòro, ìbéèrè. Ẹni tó bá lè kọ èyí ti kọ lẹ́tà. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọjọ́ sókè. Ọjọ́ wà lórí lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi. Òun ló jẹ́ kí n lè ṣírò rẹ̀: oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó kú.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní tẹlifóònù wà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ohùn kì í jẹ́ kí ojú rántí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ lo tẹlifóònù, kó tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìka rẹ̀, kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi ojú rẹ̀ kà á.

A ó ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yin lẹ ó yan ọjọ́ náà lónìí, kí á lè kọ ọ́ sínú àwọn lẹ́tà. Kí oníkálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Mo tún un sọ: kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan, kó wá bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin Pobè yẹn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tọ́ sí. Ta ni yóò kọ ọ́? Mo ti rí ọwọ́ méjì.

Èmi ti kọ tèmi, sí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Awakọ̀ kan náà ló gbé e lọ ní ọjọ́rú.

Bàbá tó bi mí léèrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ní abúlé yìí, wọ́n sì tún wá ń kọ́ ìṣirò báyìí. Ojú ìwé àkọ́kọ́, tiwọn ni. Bàbá, bíkì rè é.