Ta ló rán akọ̀wé níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ

 

Lálẹ́ òní, ìsàlẹ̀ ìwé la óò kà. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo ibẹ̀. Bí a bá ti rí òǹtẹ̀, ẹ̀rù a bà wá, a ó sì sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìyá kan ń ta gàrí. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, agbowó-ọjà máa ń gba 100 fráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Lọ́jọ́ kan agbowó dé, ó ní ó ti di 150. Ìyá bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Àwọn ará ilé mẹ́ẹ̀rì ni." Ìyá lọ bá ọmọ ìgbìmọ̀ àdúgbò rẹ̀. Ìyẹn ní, "Ìyá, iṣẹ́ àwọn akọ̀wé nìyẹn, kò kàn mí." Ìyá lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé ní, "Ìgbìmọ̀ ni kí ẹ lọ bi." Wọ́n sọ ìyá di bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ ṣú, 50 fráǹkì sì ti lọ.

Ta ló jẹ̀bi nínú wọn? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ẹni tó ń pinnu, kí a sì mọ ẹni tó ń ṣe é.

Kọ́múùnù 77 ló wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kétu jẹ́ ọ̀kan, Ṣábẹ jẹ́ ọ̀kan, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo jẹ́ ọ̀kan. Nígbà Ìjọba Ìyípadà, láti 1974, ìjọba ló ń fi ọ̀gá dísítíríìkì ránṣẹ́. Àwọn àgbà inú wa rántí "Ehuzu! Dandan!" tí wọ́n ń ké ní ìpàdé. Àpérò ńlá oṣù kejì ọdún 1990 yí ọ̀nà padà. Òfin ti 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 wá sọ pé kí kọ́múùnù máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, àwọn ará ìlú dìbò yan ìgbìmọ̀ lábẹ́ òfin náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìgbìmọ̀ yìí, àwa la yàn wọ́n. Àwọn ló ń pinnu iye tí kọ́múùnù yóò ná lọ́dún, iye tí wọn yóò gbà lọ́jà, àti ohun tí wọn yóò kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í jókòó lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, oníṣòwò wà. Wọn kò lè máa já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, wọn kò lè máa ka àpò símẹ́ńtì. Nítorí náà ni iṣẹ́ àti àṣẹ díẹ̀ fi wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé mẹ́ẹ̀rì. Bí ẹni tó ní, "Ibi tí a fẹ́ dé nìyí, ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá nìyí. Ẹ lọ ṣe é, kí ẹ padà wá jíyìn."

Tẹ́lẹ̀, mẹ́ẹ̀rì ló ń darí ìpàdé, òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé owó. Ìjà pọ̀ láàrin mẹ́ẹ̀rì àti ìgbìmọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n yọ àwọn kan nípò. Òfin 2021-14, ti 20 oṣù kejìlá ọdún 2021, pín iṣẹ́ náà. Mẹ́ẹ̀rì ń darí ìgbìmọ̀. Akọ̀wé àgbà kan, tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif ní Faransé, ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́, òun ló sì ń pàṣẹ kí wọ́n sanwó. A kò dìbò yàn án. Kò sì di àpótí owó mú. Ẹlòmíràn ni ìjọba fi síbẹ̀ láti tọ́jú owó. Ẹni tó ní "ẹ san án" kọ́ ló ń ka owó. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ rọra lò ó nínú iṣẹ́ kọ́múùnù. Bí ìgbìmọ̀ bá ní 100, akọ̀wé lè pinnu ẹni tí yóò gbà á, àsìkò tí yóò gbà á, àti ìlà ọjà tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ni ọgbọ́n orí rẹ̀. Kò lè sọ 100 di 150. Kò sì lè ní kí ìyàwó ọ̀rẹ́ òun má san.

Ọmọ ìgbìmọ̀ tó ní "kò kàn mí" náà ti ṣìnà. Ẹni tó ránni níṣẹ́ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àṣẹ kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé tó jẹ́ pé òfin ló fún un, ìgbìmọ̀ kò lè gbà á. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ lè pè é, kí ó wá sọ ohun tí ó ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo wà lẹ́yìn ọmọ ìgbìmọ̀ tó fẹ́ di gbogbo nǹkan mú. Bí òjò bá gbá afárá kékeré lọ, tí a sì ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ jókòó kí wọ́n tó ra pákó mẹ́ta, iṣu yóò jẹrà lóko. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń lọ sọ fún olùṣọ́ ọjà pé lágbájá ni kó fún ní ìsọ̀, òun náà ti kọjá ààlà.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ìwé báyìí. Bí ẹ bá rí "P.O." lókè orúkọ, ó túmọ̀ sí pé ẹni yìí fọwọ́ sí i ní àṣẹ ẹlòmíràn. "Par délégation" ń sọ pé wọ́n fi àṣẹ náà lé e lọ́wọ́ ni. Ẹ béèrè ẹni tó fi lé e lọ́wọ́. Bí ìwé bá sì jẹ́ ìpinnu ìgbìmọ̀, ẹ óò rí "délibération" lókè rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́.

Kí ni kí ìyá onígàrí ṣe? Kí ó má bá agbowó jà. Ọmọ tí wọ́n rán ni. Kí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó ka iye tó wà lórí rẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní 100, tí wọ́n gba 150, 50 yẹn kò dé ilé mẹ́ẹ̀rì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní 150, kí ó lọ béèrè ìpinnu tó gbé 150 jáde. Bí wọn kò bá rí i fi hàn án, kí ó kó àwọn ìyá ọlọ́jà lẹ́yìn, kí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ wọn. Kí ó má dá lọ.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kan wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó mú ìwé èyíkéyìí tó ní òǹtẹ̀ wá. A óò jọ kà á.