Kì í Ṣe Gbogbo Ìhanrun Ni Oorun Àlàáfíà

Nígbà tí a ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, a rò ó títí kí a tó mú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí gbogbo wa fi ń ṣe ẹ̀rín ni. Ọ̀rọ̀ ìhanrun ni.

Ní ìpàdé ọdún kan tí ó ti kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sùn lọ lórí àga nígbà tí akápò ń ka ìṣirò owó. Ó hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí akápò fi dákẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá wọn rín in. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá baba náà dùbúlẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń jí lóru láti gbọ́ bóyá ọkọ òun ṣì ń mí. Ìhanrun náà a dá lójijì, ilé a pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni baba yóò ta gìrì, tí yóò mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi. A bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún dókítà. Ó ní, "Ta ni í gbé ìhanrun ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn?" A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìhanrun nìkan ni ó fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí ni ó gbé wa dé iwájú yín lónìí.

Nígbà tí a bá sùn, iṣan ara a máa rọ̀, ti ahọ́n àti ti ọ̀fun pẹ̀lú. Ọ̀nà èémí a wá di tóóró. Bí atẹ́gùn ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹran rírọ̀ òkè ẹnu àti bẹ́lúbẹ́lú a máa gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn. Èyí ni ìhanrun. Bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sùn tì í nìkan ni ó ń yọ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun a dí pátápátá; àyà ń sa gbogbo ipá rẹ̀, atẹ́gùn kò sì wọlé. Bí èémí bá dá, tàbí tí ó dín kù gidigidi, fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà a kà á. Bí ó bá tó ìgbà 5 nínú wákàtí kan, wọn a pè é ní sleep apnoea. Bí ó bá tó ìgbà 30, ó ti le gan-an. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ní ìgbà 30 ní wákàtí kan, tí ó sì sùn fún wákàtí 7, ìgbà 210 ni ó ti bá èémí jìjàkadì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a ru, ọpọlọ a sì ta ẹni náà jí díẹ̀, láìjẹ́ pé yóò rántí ní òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí àrùn yìí fi ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ rìn pọ̀.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ìhanrun kíkan tí ń dá tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀, títa jí bí ẹni tí a fún lọ́rùn, ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀, ìgbàgbé, àti oorun ọ̀sán tí kò ṣeé bá jà. Àwọn mìíràn nínú wa, bí wọ́n bá ta jí báyìí, a ní ọ̀tá ni ó ń fún wọn lọ́rùn lójú oorun. A kò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú. Ẹni tí ó sanra, tí ọrùn rẹ̀ sì ki, ni ó ń mú jù, àmọ́ ó ń mú ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ó ń mú obìnrin, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dá. Ọmọdé tí tonsil rẹ̀ tóbi lè ní in, kí a sì máa nà án nítorí pé ó ń tọ̀ sílé tàbí pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ fún onígbàjámọ̀ kí ó gé bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀. Oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwòsàn wà. Ní ọdún 1965 ni àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì ṣàkọsílẹ̀ bí èémí ṣe ń dá lójú oorun. Ní ọdún 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní ilẹ̀ Australia, fi ẹ̀rọ tí à ń pè ní CPAP han ayé. Ẹ̀rọ yìí ń ti atẹ́gùn gba inú ìbòmú kan wọ ọ̀fun, kí ọ̀nà má baà dí. Iná mànàmáná ni ó ń lò ní gbogbo òru, nítorí náà ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró gbọ́dọ̀ wá bátìrì sí i. Fún àwọn kan, dókítà eyín lè ṣe ohun tí a ń fi sẹ́nu lóru kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ má baà fà sẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tirzepatide fún àwọn tí ó sanra jù tí àrùn náà sì ti le lára wọn. Ohun tí kò náni lówó náà ń bẹ: kí a dín ọ̀rá ara kù, kí a fi ẹ̀gbẹ́ sùn dípò ẹ̀yìn, kí a yàgò fún ọtí lálẹ́, kí a má sì ṣe lo oògùn oorun láìjẹ́ pé dókítà fún wa.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ojú bá fi pa dé lórí títì márosẹ̀ tó láti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, bí àrùn yìí bá ń mú yín tòògbé, òfin ní kí ẹ sọ fún DVLA. Bí ìwòsàn bá sì ti kápá rẹ̀, ẹ lè tún máa wakọ̀. Ẹ má sì kàn ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé. Àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò ju mẹ́ta lọ. Kí ọkọ àti aya sọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ lóru. Kí ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí gbọ̀ngàn yìí. Kí a má sì ṣe fi ẹni tí ń sùn ní ìpàdé rẹ́rìn-ín mọ́ kí a tó béèrè bí ó ṣe sùn lánàá. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò lè sọ pé òun kò mọ̀ mọ́.

Baba tí a sọ ìtàn rẹ̀ fún wa láyè láti sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn nísinsìnyí, ẹ̀rọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìyá náà sọ fún wa pé òun pẹ̀lú ti ń sùn. Kí Olódùmarè jẹ́ kí gbogbo wa máa sùn, kí a sì máa jí.