Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀dùnkún Jẹrà Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún, tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́, ni mo bá wá. Tí a bá wà á tán, ẹ̀rù kó má jẹrà ló ń mú wa tà á lọ́pọ̀ fún ọlọ́kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàkùn. Apá òkè rẹ̀ ni kí ẹ gé, kó gùn tó 30 sẹ̀ntímítà. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Bí ebè bá sán, ẹ fi erùpẹ̀ dí i. Ẹ má gbìn ín sójú kan náà lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ ṣa èyí tí ọkọ́ ṣá lọ́gbẹ́ sọ́tọ̀; òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe èlùbọ́. Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ sá a sórí pẹpẹ, kì í ṣe etí títì o. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, abẹ́ ìbòji ni kí ẹ sá a sí, torí oòrùn a máa ba fítámì A inú rẹ̀ jẹ́. Tó bá gbẹ débi pé ó ń ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lọ̀ ọ́. Èèpo rẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́.

Ẹ lè ní, "Ọmọ yìí, ta ni yóò rà á?" Ẹ fi agbọ̀n kan péré dán an wò ná. Ẹ pò ó mọ́ èlùbọ́ iṣu, kí ẹ fi ro àmàlà nílé. Ohun tó bá dùn lẹ́nu yín, ẹ ó lè pọlówó rẹ̀ lọ́jà.