Ẹ̀mí Mẹ́ta Nínú Eré: Ìtàn Jumanji

Bí ẹni méjì bá ta ayò tí ọ̀kan borí, Yorùbá a máa ní ó pa èkejì láyò. Ẹni tí a pa yóò dìde, yóò gbọn aṣọ rẹ̀, yóò sì gba ilé lọ jẹun alẹ́. Ikú inú eré kì í ṣe ikú. Ohun tí ìtàn Jumanji kọ̀ láti gbà gan-an nìyẹn.

Chris Van Allsburg, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìtàn náà ní ọdún 1981. Eré orí pátákó ni ti inú ìwé rẹ̀: ọmọ méjì ń ju dáìsì, kìnnìún àti ọ̀bọ sì ń ti inú eré jáde sínú ilé. Nínú sinimá tí Jake Kasdan darí ní ọdún 2017, ọ̀nà yí padà. Pátákó di géèmù orí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ènìyàn ni ó sì ń wọlé tọ ẹranko lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ girama mẹ́rin tí ilé-ìwé ń fìyà jẹ ni ó rí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan ní yàrá abẹ́ ilé. Bí olúkúlùkù ti yan ẹ̀dá tí yóò lò tán, ẹ̀rọ náà gbé wọn mì, ó di inú igbó kìjikìji. Spencer tí ó jẹ́ ojo di alágbára. Bethany, ọmọge tí ẹwà ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí ẹlòmíràn, di bàbá oníkùn kan. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Bóyá ó tilẹ̀ pọ̀ jù.

Ìlà mẹ́ta wà lápá ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ẹ̀mí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá kú yóò já bọ́ láti òkè, ìlà kan yóò sì ti parẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń ná an bí owó tí a rí he. Erinmi gbé Bethany jẹ kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Inú bí Fridge, ó sì ti Spencer, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sísàlẹ̀ láti orí òkè gíga.

Ìgbà tí wọ́n pàdé Alex ni ọ̀rọ̀ kúrò ní àwàdà. Ọdún 1996 ni géèmù náà ti fa ọmọkùnrin yìí wọlé. Lójú tirẹ̀, oṣù díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ogún ọdún ni baba rẹ̀ ti fi ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé tí ó ti di ahoro. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kù lápá rẹ̀, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ó tún dábàá àtijáde. Ẹ̀fọn ni ó wá jẹ ẹ́, ni ó bá ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, mí, ni Yorùbá fi ṣẹ̀dá ẹ̀mí àti èémí. Ohun tí Bethany ṣe kò jìnnà sí èyí. Ó fi ẹnu kan ẹnu Alex, ó fẹ́ èémí sí i, ìlà kan sì parẹ́ lápá tirẹ̀, ó yọ lápá Alex. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù fún òun náà.

Alex padà sí ọdún 1996 tí ó ti lọ. Ó dàgbà, ó gbéyàwó, ó sì sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Bethany.